Ọ̀dà Ìyeyè Ẹnu Ọ̀nà Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo kéré, tí orí mi kò tíì tó ibi tí wọ́n ń di ilẹ̀kùn mú, mo ti mọ ohun kan tí ọmọ inú mi, tó kàwé títí tó fi rékọjá òkun, kò tíì mọ̀ dòní. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ, nítorí inú ń bí mi, bí inú bá sì ń bí mi, ọ̀rọ̀ mi máa ń gùn.

Àdúgbò Adewui la ń gbé nígbà náà, nínú agbo ilé kan lẹ́yìn ọjà. Àwa mẹ́ta la wà nínú yàrá kan níbẹ̀: èmi, ìyá mi, àti Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, tó ti Kétu wá. Ojú Ìyá Àgbà ti ń ṣú. Ẹyinjú rẹ̀ ti funfun bí omi ògì, òjìji nǹkan nìkan ló ń rí. Àtẹ̀gùn méjì wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó tẹ òfuurufú níbẹ̀, ó ṣubú, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ́. Ìyá mi ní bó bá tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i, òun yóò dá a padà sí Kétu kí àwọn ará ilé lè máa tọ́jú rẹ̀. Ìyá mi kì í ṣe ìkà o. Láti kùtùkùtù ló ti ń lọ sọ́jà, kò sí ẹni tí yóò máa di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Ṣùgbọ́n èmi ńkọ́? Ta ni n óò máa sùn tì? Ta ni yóò máa fi ẹ̀pà pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí dè mí? Mo sunkún títí imú mi fi dí.

Mo wá rò ó pé bí Ìyá Àgbà bá lè rí àtẹ̀gùn yẹn, kò ní ṣubú mọ́, wọn ò sì ní gbé e lọ. Ẹfun ni mo kọ́kọ́ fi kùn ún. Kò rí i rárá, nítorí ògiri funfun, simẹ́ńtì ilẹ̀ náà ti ṣá, ó ti ń lọ sí funfun. Mo tún fi epo pupa kùn ún. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ó pupa fòò nínú oòrùn, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ṣe ń rọ̀, ńṣe ló dúdú. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló yọ̀ lórí epo náà, igbá tòmátì rẹ̀ dànù, ó sì lù mí bí ẹní lu bàrà.

Arákùnrin kan wà nínú agbo ilé wa, ọmọ ẹ̀yà Mínà, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kun ọkọ̀ àwọn apẹja létí òkun. Mo lọ bá a, mo sọ ohun tó ń dùn mí fún un. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun kì í kun ọkọ̀ nítorí ẹwà nìkan, pé ìyàwó tó dúró létí òkun gbọ́dọ̀ lè mọ ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ lókèèrè. Ó ní, “Má béèrè pé àwọ̀ wo ló dára. Béèrè pé ẹ̀gbẹ́ kí ló máa jókòó sí.” Ó fún mi ní ohun tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ agolo méjì: ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń kun ìdí ọkọ̀, àti ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè, bí èso ìyeyè tó pọ́n tán tó já bọ́ sílẹ̀.

Mo fi dúdú kun orí àtẹ̀gùn, mo fa ìyeyè sí etí rẹ̀, mo sì fà á yí ẹnu ọ̀nà ká. Bàbá onílé ló kọ́kọ́ rí i. Ó figbe ta pé mo ti ba ilé òun jẹ́. Ìyá mi tọjà dé, ó fa ìgbálẹ̀ yọ, ó ti gbé ọwọ́ sókè nígbà tí Ìyá Àgbà gbọ́ igbe mi, tó jáde láti wá bá mi bẹ̀bẹ̀. Kò di ògiri mú. Ó wo ilẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀, ó gbé èkejì, ó dé àgbàlá. Ó ní, “Ta ló tan iná síbí?” Ìyá mi ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ìyá Àgbà kò padà sí Kétu mọ́. Ọ̀dọ̀ wa ló wà títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́ ọ̀dà kíkùn lọ́wọ́ arákùnrin yẹn, nígbà tó yá mo kúrò lára ọkọ̀, mo bọ́ sórí aṣọ tí a nà mọ́ igi. Àwòrán mi kò lójú, kò nímú. Ìlà ìyeyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú, ìlà ìyeyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ aró. Àwọn èèyàn á dúró níwájú rẹ̀, wọ́n á dorí kodò: “Táńtì, kí lèyí? Ṣé ẹja ni?” Ìbéèrè yẹn ti sú mi dé ọ̀run! Ẹnu ọ̀nà Ìyá Àgbà ni, kí ni ì bá tún jẹ́? Lẹ́yìn náà, àwọn onílé ní àdúgbò Tokoin bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí kí n wá bá wọn ṣe inú ilé wọn lọ́ṣọ̀ọ́. N kì í fọwọ́ kan ọ̀dà láìjẹ́ pé mo ti jókòó sínú yàrá náà láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti nírọ̀lẹ́, tí mo sì ti béèrè ẹni tó ń gbé ibẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọmọ mi ṣe. Ó kọ́lé sí Kpogan, ó ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Mo wọlé, ẹnu yà mí. Ògiri, àwọ̀ eérú. Àga, eérú. Karó ilẹ̀, èyí tí ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń pè ní táìlì, eérú. Àtẹ̀gùn pàápàá, eérú! Mo ní, “Ọmọ mi, ṣé ilé yìí jóná ni?” Ó ní, “Màmá, ohun tó wà lóde nìyẹn,” ó wá na fóònù sí mi. Ilé ẹni tí kò mọ̀ rí ló rí nínú fóònù tó dà kọ. Ọmọ tí mo fi owó ọ̀dà tọ́! Ẹ gbà mí o.

Ojú tèmi náà sì ti ń ṣú báyìí. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo débẹ̀ tí èmi náà fi tẹ òfuurufú lórí àtẹ̀gùn eérú yẹn, orúnkún mi wú bí àgbọn. Kí lọmọ mi wí? Ó ní n kò gbọdọ̀ dá jáde mọ́, òun á wá ọmọbìnrin kan tí yóò máa dì mí lọ́wọ́ mú. Èmi, nínú ilé ọmọ mi, kí wọ́n máa fà mí bí ewúrẹ́!

Nígbà tó lọ síbi iṣẹ́, mo rán ọlọ́kadà sọ́jà, ó bá mi ra ọ̀dà ìyeyè. Mo fi ìdí wọ́ láti àtẹ̀gùn kan dé èkejì, mo kun etí àtẹ̀gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà níwájú ilé. Ó ku ẹyọ kan lẹ́yìn, lẹ́nu ilé ìdáná, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ti ń ro mí, mo ní ó di ọ̀la. Ọmọ mi dé, ó ní, “Màmá, ẹ ti ba ilé mi jẹ́!” Ọ̀rọ̀ bàbá onílé gan-an. Ó pe akunlé kan pé kó wá pa á rẹ́.

Akunlé dé lọ́jọ́ Sátidé. Ó gbé garawa ọ̀dà eérú, ó gba ilé ìdáná jáde. Kò rí àtẹ̀gùn tó kù yẹn. Gbì! Òun lọ́tọ̀, garawa lọ́tọ̀. Ọ̀dà eérú dà sórí karó eérú, ẹ̀yin ọmọ, a wá ibi tó dà sí tì! Akunlé ní ibí ni, ọmọ mi ní ọ̀hún ni, ó gbé ẹsẹ̀, ó sì fi bàtà funfun rẹ̀ tẹ àárín rẹ̀ gan-an. Mo rẹ́rìn-ín títí orúnkún fi ń dùn mí.

N kò sọ pé ayé àtijọ́ kò ní àbùkù. Bàbá onílé náà pariwo. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí arúgbó tó ń dá rìn, kò pa ọ̀dà yẹn rẹ́ títí a fi kó kúrò. Ẹni tó ń gbé inú ilé là ń kunlé fún nígbà náà. Lónìí, fóònù ni wọ́n ń kun ún fún.

Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀, ó ń nu bàtà, kò fẹ́ wo ojú mi. Ó ní, “Màmá, ṣé ó ṣẹ́ kù nínú ọ̀dà ìyeyè yẹn?” Mo ní ó ṣẹ́ kù, pé ó wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn iwájú. Ó fẹ́ sáré lọ gbé e, mo ní kó dúró. Mo dìde, n kò di nǹkan kan mú, mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo lọ gbé e wá.