Nóòtì Mẹ́rin Nínú Èémí Kan

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Adéwọlé, mo ń bó ọsàn, ni ohùn fèrè bá gba ojú fèrèsé aládùúgbò wọlé tọ̀ mí wá. Ọmọ kan ló ń kọ́ ọ. Gbogbo nóòtì ló ń fun bákan náà, bíi fèrè kẹ̀kẹ́ Màrúwá tí ojú ń kán ẹni tó ń wà á. Ẹ̀rín pa mí. Bí èmi náà ṣe ń fun ún nìyẹn ní ilé ìwé girama, nígbà tí a ṣì ń gbé ní Gàmbàrí.

Ilé fara ti ilé ní Gàmbàrí ayé ìgbà yẹn. Bí o bá sín ní yàrá rẹ, ará ilé kejì á kí ọ. Nígbà tí Tíṣà Bánkọ́lé, olùkọ́ orin wa, wá fún èmi àti ọ̀rẹ́ mi Sàlámátù ní fèrè rikọ́dà kọ̀ọ̀kan láti gbé lọ sílé, gbogbo àdúgbò ló bá wa kọ́ ọ. Ìyá àgbà kan máa ń ké láti inú ilé rẹ̀ pé, "Ẹ bá mi fún adìẹ yẹn lóúnjẹ o!"

Tíṣà ti yàn wá láti fun orin kan lọ́jọ́ tí wọ́n máa pín ẹ̀bùn. Bàbá Sàlámátù, àfáà tó ń kọ́ wa ní kéú, kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ fèrè. Ẹ̀bẹ̀ la fi gbà á pé kó wá gbọ́ ọ ná. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọmọ rẹ̀ á dá fèrè padà.

Orin náà ò le, àmì ara rẹ̀ ló le. Bí dọ́ọ̀tì bá wà lórí nóòtì, kí á gé e kúrú ni. Èmi rò pé yíǹkì ló ta sí bébà mi, mo ti fi ìrésà pa díẹ̀ rẹ́. Bí ìlà tó tẹ̀ bí ọrun bá bo nóòtì mélòó kan, èémí kan ni kí á fi fun gbogbo wọn, kí ahọ́n má já a. Sàlámátù ló là mí lójú. Ó ní, "Ṣé bí a ṣe ń ké Kùránì kọ́ nìyí? Ibi tí a ó fà wà, ibi tí a ó dúró wà."

Àmọ́ ibì kan wà tí nóòtì mẹ́rin wà lábẹ́ ọrun, tí dọ́ọ̀tì tún wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Dọ́ọ̀tì ní ká gé e, ọrun ní ká so ó. Sàlámátù ń so ó, èmi ń gé e. A jà sí i, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má kíra mọ́. Tíṣà ní, "Bí ẹ ò bá fi ohùn kan fun ún kó tó di Jímọ̀, mo máa yọ orin yìí kúrò." Sàlámátù sunkún délé wa.

Màmá mi wà lórí ẹní, ó ń rẹ àbúrò mi jòjòló. Ó ń kùn lábẹ́ imú, ó ń fọwọ́ lù ú lẹ́yìn jẹ́jẹ́. Kíkùn náà ò já, síbẹ̀ bí ọwọ́ bá ṣe ń kan ẹ̀yìn ọmọ, ohùn á mì díẹ̀. Sàlámátù di apá mi mú. "Gbọ́! Kò gé e, kò sì so ó pa!"

A sáré mú fèrè. A jẹ́ kí èémí máa ṣàn, ahọ́n kàn ń tọ́ ọ wò fẹ́ẹ́rẹ́. Ó bọ́ sí i! Inú wa dùn débi pé a fò sókè.

"Ẹ ti jí i o," Màmá mi ní.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pín ẹ̀bùn, nígbà tí a dé ibi nóòtì mẹ́rin náà, Tíṣà sọ ọwọ́ tó fi ń darí wa kalẹ̀, ó kàn ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ni Àfáà pè wá.

"Ẹ ò já èémí," ó ní. "Ẹ ṣeun." Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀: "Má ṣáà fun ún bí mo bá ń sùn."

Sàlámátù ti di ìyá àgbà ní Kàdúná, fóònù la fi ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ilé wa àtijọ́ ti di ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ òde òní ń gbọ́ orin lórí fóònù kí wọ́n tó rí bébà rẹ̀ rárá, ó sì dára bẹ́ẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sunkún torí dọ́ọ̀tì. Ṣùgbọ́n fóònù ò lè bá ẹnikẹ́ni mí. Títí dòní, ọmọ gbọ́dọ̀ fa èémí kún àyà, kó gbìyànjú, kó bà á jẹ́, kó tún un ṣe. Bó bá sì ní oríire, ọ̀rẹ́ kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò bá a jà sí i.