Àmúdà Kì í Nu Ẹsẹ̀

Àmúdà ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Ìwó. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n wa ṣì dúdú ló ti ń pe ìrun. Ó tún ń dáko lọ́nà Kuta. Bó bá ṣàlùwàlá, tó kírun òwúrọ̀ tán, á ki ẹsẹ̀ tútù bọ bàtà rọ́bà, ó di oko.

Kì í nu ẹsẹ̀. Ó ní ẹni tó bá nu omi àlùwàlá, láádá ara rẹ̀ ló nù dànù.

Ẹsẹ̀ wá ń yún un. Àárín ọmọ ìka funfun, ó bó, ó ń rùn. Ó ní òun tẹ nǹkan lóko ni. Ó da kẹrosíìnì sí i. Ó da omi bátìrì sí i. Ó burú sí i.

Bá a bá tò fún ìrun, ẹsẹ̀ là ń fi kan ẹsẹ̀. Àwọn èèyàn ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bọ́ sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Ládàánì tó yẹ kó wà níwájú!

Ó ní, "Màá fi ìpè sílẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí."

Mujeebah ìyàwó rẹ̀ gbọ́. "Baba Hikmat, àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà ni?" Ó wọ́ ọ lọ sílé ìwòsàn.

Oyèníkẹ́, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, wo ẹsẹ̀ náà. "Bàbá, ẹ ò tẹ nǹkan kan. Ìran ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tó pẹ́ nílẹ̀ ni. Ẹbí rẹ̀ ló ń di làpálàpá lórí ọmọdé. Ẹbí rẹ̀ ló ń mú ahọ́n ọmọ ọwọ́ funfun. Ibi tó bá tutù ló ń gbé. Ẹ̀yin lẹ sì ń bomi rin ín." Ó fún un ní ìpara. "Ẹ máa nù ún gbẹ kẹ́ ẹ tó wọ bàtà."

"Láádá mi ńkọ́?"

"Ẹ bi Lemọ́ọ̀mù, sà. Ẹsẹ̀ lèmi mọ̀."

Lemọ́ọ̀mù bi í pé, "Ta ló ní kò dáa kéèyàn nù ún?"

Àmúdà ní, "Bàbá mi ni."

Bàbá rẹ̀ ti kú tipẹ́.

"Ọlọ́run á kẹ́ wọn. Nù ún, jàre."

Ó ń nù ún. Tìkọ̀-tìkọ̀ ló ń nù ún, bí ẹni ń fi ohun ìní rẹ̀ tọrẹ. Awọ padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn èèyàn ò padà. Ẹ̀yìn náà ló ń dúró sí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó pe ìrun tán, ó lọ sẹ́yìn. Mo tẹ̀ lé e. Ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

"Kúrò ńbí, àgbàyà. Á ràn ọ́."

"Ṣé o nù ún?"

"Mo nù ún."

Mo fẹsẹ̀ kàn án. Ó gbẹ. Kò tún fà á sẹ́yìn mọ́.