Màmá Àforíjì àti Àlàfo Mẹ́rin

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Màmá Àforíjì ti fi ń bẹ àwọn èèyàn tí kò rí rí. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ilé iṣẹ́ kan tó ń tún fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ló gbà á. Bí oníṣẹ́ wọn bá ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé tí kò yọjú títí di Ọjọ́bọ̀, òun ni yóò kọ̀wé bẹ oníbàárà. Kò sì kọ ọ́ bákan náà lẹ́ẹ̀mejì rí. Fún ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́, ó ń kọ ọ́ bí ẹni ń bá a ṣọ̀fọ̀. Fún ẹni tí ooru ń mú, ó ń kọ ọ́ bí ẹni ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i. Wọ́n ní oníbàárà kan gbé lẹ́tà rẹ̀ kọ́ sára ògiri pálọ̀. Ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí ògiri náà ni a kò tíì rí.

Nílé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ọkọ rẹ̀ búra pé láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí àwọn ti fẹ́ra, òun kò tíì gbọ́ "ẹ má bínú" lẹ́nu rẹ̀. Bó bá tẹ ọkọ mọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀, á ní, "Kí lẹsẹ̀ yín ń wá níbẹ̀?" Màmá Àforíjì kò jiyàn. Ó ní òun kì í gbé iṣẹ́ ọ́fíìsì wálé.

Ohun tó fẹ́ràn jù níbi iṣẹ́ ni tábìlì rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló wà. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, ó sì ń rí gbogbo ẹni tó ń wọ ọgbà àti ẹni tó ń jáde. Kò sí ẹni tó pẹ́ dé tí kò mọ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi dúró kí ẹni tó wà nídìí tábìlì yẹn tó fẹ̀yìn tì.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ọ̀gá tuntun pè é. Ọ̀gá náà kò ju ọmọ rẹ̀ lọ.

"Mà, lẹ́tà mélòó lẹ ń kọ lójúmọ́?"

"Mẹ́ta, ọ̀gá. Mẹ́rin, bí ara bá yá."

"Ogóje ló wà nílẹ̀."

"Àforíjì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kánjú ṣe, ọ̀gá."

"Mà, ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ti ń retí àforíjì láti ọdún tó kọjá. Ó ti lọ ra fíríìjì mìíràn. Ìyẹn náà ti bàjẹ́." Ọ̀gá pa fáìlì dé. "Bí ogóje lẹ́tà yìí kò bá lọ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ẹ ó lọ máa bá wa tọ́jú yàrá ẹrù. Ẹlòmíràn á gba tábìlì yẹn."

Yàrá ẹrù kò ní fèrèsé. Ìṣó, wáyà àti aáyán ló ń gbé ibẹ̀.

Ọmọbìnrin rẹ̀, tó ń ṣe akọ̀wé ní ilé ìwòsàn kan, ló yọ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó tì í nídìí kọ̀ǹpútà.

"Mọ́mì, ẹ kọ ímeèlì kan ṣoṣo tí ẹ ó máa lò títí. Bíi pátáànì télọ̀ ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń yàtọ̀, ẹ fi àlàfo síbẹ̀. Bí wọ́n bá ti tẹ àlàfo yẹn, kọ̀ǹpútà á béèrè ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀."

"Kọ̀ǹpútà á máa bi mí léèrè ọ̀rọ̀? Ṣé á kọ́kọ́ kí mi?"

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́."

Àlàfo mẹ́rin ni wọ́n ṣe: orúkọ oníbàárà, ohun tó bàjẹ́, ìdí tí a kò fi wá, àti ọjọ́ tí a máa wá. Ọmọ ní kí ti ìdí jẹ́ àkójọ: bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo ìdí á já wálẹ̀, á sì mú ọ̀kan. Inú Màmá Àforíjì dùn bíi ti ẹni tó jogún ilé alájà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, kò ṣe iṣẹ́ mìíràn ju kó máa to ìdí lọ. Òjò. Táyà jò. Àdírẹ́sì sọnù. Nígbà tí irọ́ tán, ó kó sí òótọ́, torí ó gbà pé ojú òun nìkan ni yóò rí i. A gbàgbé. A rántí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ń ṣú. Oníṣẹ́ wa rí ajá yín. Bàbá Sùúrù ló yẹ kó wá, ó sì sùn lọ sínú ọkọ̀.

Bàbá Sùúrù ni olórí àwọn oníṣẹ́. Ó ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì, ó sì ti ń dánra wò.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, nígbà tó fẹ́ fi ímeèlì náà ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà bi í ní ìbéèrè kan: ta ni yóò dí àwọn àlàfo yìí, ẹni tó kọ̀wé ni àbí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí? Ẹlòmíràn á ti pe ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti ṣe fún Màmá Àforíjì láti ọdún mọ́kàndínlógún, ohun kan ni wọ́n ń tẹnu mọ́: kí oníbàárà máa ṣáájú nínú ohun gbogbo. Ta lòun tí òun á ṣáájú oníbàárà? Ó tẹ "ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí". Ó fi í ránṣẹ́ sí ogóje èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lọ bomi mu bí ẹni tó ti ojú ogun dé.

Kó tó padà, èsì ti ń wọlé.

Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ṣáájú. Màmá Àforíjì ṣí i, lẹ́tà tirẹ̀ gan-an ló bá níbẹ̀, tíṣà ti dí gbogbo àlàfo rẹ̀. Níbi ìdí, ó mú "A gbàgbé". Nísàlẹ̀, ó kọ ọ́ pé: "Ìdánwò yìí rọrùn. Mo gba mẹ́rin nínú mẹ́rin. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ọkùnrin kan kọ "ìlérí yín" síbi ohun tó bàjẹ́. Obìnrin kan mú ti ajá, ó ní ajá òun náà rántí ọjọ́ yẹn. Èèyàn mẹ́tàdínlógójì ló mú Bàbá Sùúrù. Wọn kò mọ̀ ọ́n rí. Wọ́n kàn gbà pé ó ṣeé ṣe. Ẹnì kan tilẹ̀ fi kún un pé, "Ẹ jẹ́ kí bàbá sùn. Ẹ ṣáà ta wọ́n jí ní Sátidé."

Màmá Àforíjì sáré pe ọmọ rẹ̀.

"Mọ́mì, ta lẹ ní kó dí i?"

"Oníbàárà."

"Háà! Ẹ kó gbogbo irọ́ ilé iṣẹ́ fún wọn pé kí wọ́n ṣà á?"

"Bó bá jẹ́ irọ́ nìkan ni, ì bá sàn," ni ìyá wí. Ó fọwọ́ pa tábìlì rẹ̀ lórí bí ẹni ń sin ọmọ lọ sí ìrìn àjò.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá pè é. Ó bá Bàbá Sùúrù lórí àga níbẹ̀, ojú rẹ̀ là kedere. Ó pẹ́ tí wọ́n ti rí i bẹ́ẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀.

"Ọ̀gá, mo mọ ọ̀nà yàrá ẹrù," ni Màmá Àforíjì wí.

"Ẹ dúró ná, Mà. Èèyàn mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún ló dáhùn, gbogbo wọn ló sì kọ ọjọ́ tí wọ́n máa wà nílé sí àlàfo kẹrin. Ṣé ẹ mọye ọdún tí a ti ń kan ilẹ̀kùn ẹni tí kò sí nílé?" Ọ̀gá mí. "Mo ní kí lẹ́tà lọ, ó sì lọ. Ṣùgbọ́n Bàbá ní àwọn oníṣẹ́ kò ní jáde àfi tí ẹ bá bẹ̀ wọ́n. Bí ẹ kò bá bẹ̀ wọ́n, ẹ gbé àga yín, ó di yàrá ẹrù."

"Èèyàn mẹ́tàdínlógójì!" ni Bàbá Sùúrù fi igbe ta. "Ọ̀kan nínú wọn, àna mi ni!"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ kọ ọ́ wá, sà."

"Rárá o. Ẹnu ni kẹ́ ẹ fi sọ ọ́."

Màmá Àforíjì la ẹnu. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n sọ ló jáde: "Oníbàárà wa ọ̀wọ́n…"

"Ta ni oníbàárà yín?"

"A tọrọ àforíjì pé…" Ó ń wo bàbá lẹ́nu.

"Pé kí ni?"

"Àlàfo nìyẹn, sà. Ẹ̀yin lẹ máa dí i."

Ọ̀gá kọjú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Bàbá Sùúrù mí kanlẹ̀. "Pé ẹ pè mí ní olóorun."

"Pé a pè yín ní olóorun, nítorí pé…"

"Èyí náà, èmi ni?"

"Ẹ mú èyíkéyìí tó bá wù yín, sà."

Bàbá Sùúrù rò ó. Ó rò ó títí. Ó fẹ̀yìn ti àga, ó di ojú kó lè rò ó dáadáa. Nígbà tó ṣe, orí rẹ̀ yẹ̀ sápá kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í han oorun.

Màmá Àforíjì wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí rẹ̀, ó rọra sọ ọ́, ọ̀rọ̀ tí ọkọ rẹ̀ kò gbọ́ láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n:

"Ẹ má bínú, sà."

"Mo gbọ́ ọ," ni ọ̀gá wí, tó ń nu ojú. "Ẹ máa lọ sídìí tábìlì yín, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jí bàbá. Tíṣà ní kí wọ́n dé ní agogo mẹ́wàá."

Ó padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó sì ṣí àkójọ ìdí kó lè pa orúkọ Bàbá Sùúrù rẹ́ níbẹ̀. Ó ti gbé ìka sórí bọ́tìnì nígbà tó bojú wo fèrèsé. Bàbá Sùúrù ti wọ inú ọkọ̀. Ó ti ti ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ kò sún. Díẹ̀díẹ̀, fìlà rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá sórí sítíárì.

Màmá Àforíjì gbé ìka rẹ̀ kúrò. Ó fi orúkọ bàbá sílẹ̀ níbẹ̀.