Ìparí Eré Tí Múlíkà Sọ Fún Wa

Kí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, á kọ́kọ́ han gooro, àwọ̀ oríṣiríṣi á tò lójú rẹ̀. Lánàá, ọmọ ọmọ mi ń bá mi wá eré àtijọ́ kan lórí fóònù, ni mo bá gbọ́ ohùn yẹn. Kíá ni ọkàn mi ti padà sórí ẹní nínú agboolé wa ní Ìkòtún.

Ọ̀kan ṣoṣo ni tẹlifíṣọ̀n agboolé náà, ti Tísà, bàbá ará Èkìtì tó háyà yàrá iwájú. Àwa ọmọdé á jókòó sílẹ̀, àwọn àgbà á dúró lójú fèrèsé, gbogbo wa á máa wo àwọ̀ yẹn bí ẹni pé òun gan-an leré. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, kò sí pé à ń dá a padà sẹ́yìn o. Ẹni tó bá pẹ́, ìdí kànga ni yóò ti gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Múlíkà ọ̀rẹ́ mi ló mọ̀ ọ́n sọ jù.

Eré tí mò ń wí yìí dá lórí ìyàwó kan tí ọkọ rẹ̀ lọ sókè òkun tí kò dé mọ́. Ìrọ̀lẹ́ tó máa parí gan-an ni iná lọ. Ó dùn wá wọra. Múlíkà nìkan ló rí i, lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ tó ní jẹnẹrétọ̀ ní Gowon Estate. Ó sọ fún wa nídìí kànga pé ọkọ náà dé, ìyàwó gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì dá a mọ̀ kó tó ṣílẹ̀kùn.

Lánàá, mo ní kí ọmọ náà fò ó dé ìparí. Ọkọ ò dé. Ìyàwó jókòó síwájú ilé títí orúkọ àwọn òṣèré fi ń kọjá.

"Mama, ọ̀rẹ́ yín purọ́ fún yín ṣá."

Inú kọ́kọ́ bí mi. Ìgbà tó yá ni mo rántí ẹni tó ń fa omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa láàárọ̀ yẹn: ìyá Múlíkà, tí ọkọ tirẹ̀ náà ti rìnrìn àjò láti ìgbà tí Múlíkà ti wà lọ́mọ ọwọ́. Ó dáwọ́ omi fífà dúró, ó ní kí ọmọ òun tún ibi ikọ́ yẹn sọ.

Wọ́n ní láìpẹ́ kò ní sí àkókò eré mọ́, kálukú á máa wo tirẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Kò burú, èmi náà ń gbádùn rẹ̀. Mo kàn ń ro ohun tí wọn yóò máa rí sọ fún ara wọn láàárọ̀ ni.

Ọmọ náà bi mí bóyá bàbá Múlíkà padà dé. Mo ní Múlíkà àti ìyá rẹ̀ ti kó kúrò ní agboolé wa kí n tó mọ̀. Ó tún fa fóònù rẹ̀ yọ, ó fẹ́ bá mi wá a.

"Gbé e sílẹ̀ jàre," ni mo wí. "Ìyẹn ò sí níbẹ̀."