Ògiri Tó Nípọn Jù Nínú Ilé Ẹ̀rọ

Iyanrìn ló kọ́kọ́ kìlọ̀ fún mi. Ó ń dà sí mi léjìká láti òkè, èmi nìkan sì ni mo wà nínú ilé ẹ̀rọ àtijọ́ kan lẹ́yìn Maikunkele, níbi tí àwọn òyìnbó ti wa wúrà rí.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti kúrò ní Sabon Gari ní Minna. N kò rí ẹni dágbére fún. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ilẹ̀kùn nìkan ni mò ń fi sílẹ̀. Bíríkìlà ni mí, mo sì fẹ́ fojú ara mi rí ilé gíga tí kò ní símẹ́ńtì. Ní Maikunkele, mo san ẹgbẹ̀rún méjì náírà fún ọlọ́kadà kan.

“Bàbá, ṣé wúrà lẹ fẹ́ lọ wà?”

“Ògiri ni mo fẹ́ lọ wò.”

“Haba! Ṣé ògiri ti tán ní Minna ni?”

Òkúta funfun ni wọ́n fi kọ́ ilé náà. Kò lórùlé mọ́. Ògiri mẹ́ta kò nípọn púpọ̀, ṣùgbọ́n ìkẹrin tó ìgbọ̀nwọ́ mẹ́ta, torí òun ló gbé apá ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde nínú kòtò. Lókè fèrèsé, wọ́n to òkúta tẹ̀ bí ọrun láìfi irin kankan sí i.

Bí iyanrìn ṣe ń dà, mo ṣe ohun tí bíríkìlà máa ṣe: mo sá lọ fara ti ògiri tó nípọn jù.

“Fito!” ni obìnrin kan pariwo lóde. “Jáde” ni ìyẹn lédè Hausa. “Malam, ìdí ẹ̀ ti ṣófo! Àwa la yọ ọ́!”

Mo sáré. Ògiri náà wó lẹ́yìn mi.

Ladi lorúkọ obìnrin náà, ará Gbagyi tó ń fi èjìká ru òkúta, kì í ṣe orí bíi tiwa. Ó ní inú kòtò ibẹ̀ ni òkúta ilé náà ti wá, wúrà sì wà nínú rẹ̀. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yọ ọ́, wọ́n ń gún un kí wúrà lè jáde. Ibi tó nípọn ni òkúta pọ̀ sí.

Ṣùgbọ́n ògiri fèrèsé ti tẹ̀ sórí ibi tí wọ́n ti ń gún òkúta. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kúrò níbẹ̀.

Ladi rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sá lọ bá ikú lẹ fẹ́ kìlọ̀ fún wa?”

Mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fi okùn gígùn fa ògiri fèrèsé tí mo tìtorí ẹ̀ wá wó lulẹ̀, mo sì fún Ladi ní nọ́ńbà mi.

Mo délé kí oòrùn tó wọ̀. Fún ọjọ́ mẹ́jọ, n kò lè fẹ̀yìn ti ògiri yàrá mi. Ìdí ilé ni mo kọ́kọ́ ń wò báyìí, kí n tó wo bó ṣe nípọn tó.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Ladi pè. “Malam, ó ti wó. Kò pa ẹnikẹ́ni. Fèrèsé yín náà ti lọ.”

“Na gode,” mo dúpẹ́.

Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo sì ń wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kan á wọlé tí mo lè sọ ọ́ fún.