Ọdún Mọ́kànlá Tí Wọ́n Fi Wá Orúkọ Àìsàn Ẹlẹ́rìn-ín

Títí di òní, bí aránṣọ náà bá jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló máa ń sọ sí i lọ́kàn, bó ṣe rí nígbà tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan: ọmọge tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń sín ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wọn jẹ títí ẹ̀rín yóò fi mú omi bọ́ lójú tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Bàbá wọn ló sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín di olùkọ́, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Àmọ́ bó bá yan ẹnì kan lọ́rẹ̀ẹ́ lónìí, kò tún sí irú onítọ̀hún láyé mọ́. Bí ẹni náà bá sì pẹ́ dé díẹ̀ lọ́la, ọ̀tá ti dé nìyẹn. Yóò sọ kọ́ọ̀pù mọ́lẹ̀, yóò bú èèyàn kanlẹ̀, lẹ́yìn náà yóò máa gbọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi mí sílẹ̀."

"Ibo ni mo fẹ́ lọ? Yàrá kan náà la jọ wà."

Ọsibítù àkọ́kọ́ ní ibà ni. Èkejì ní àárẹ̀ iṣẹ́ ni. Ẹ̀kẹta fún un ní oògùn àwọn tí orí wọn dàrú, ó sì fi oṣù mẹ́rin sùn bí òkú. Àǹtí wọn ní ìwàkiwà lásán ni, kí wọ́n fún un lọ́kọ. Dókítà ọpọlọ kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo agbègbè náà, ogójì èèyàn sì ń dúró dè é. Káàdì Ẹlẹ́rìn-ín máa ń sọnù, wọn á tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá sì dé iwájú dókítà, á tún ara ṣe, á pa á lẹ́rìn-ín, ìyẹn á ní kò sóhun tó ṣe é.

Lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, Ẹlẹ́rìn-ín ní kí ẹ̀gbọ́n òun rán aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn fún òun. Bí aránṣọ ṣe ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè láti wọn apá rẹ̀, ó rí ojú àpá, èyí tó ti jinná àti èyí tó ṣì tutù. Téèpù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni. Nígbà tí inú mi bá ṣófo, ó ń jẹ́ kí n mọ̀ pé mo ṣì wà."

 Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ìwé tí aránṣọ ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí ló ń kọ ọ́ sí: ọjọ́ tí ìbínú dé, ohun tó fà á, ìgbà tó lọ. Oṣù mẹ́jọ ló fi kọ ọ́. Nígbà tí dókítà tuntun dé, ìyá àgbàlagbà kan báyìí, aránṣọ mú àbúrò rẹ̀ àti ìwé náà lọ bá a. Ìyá náà kà á tán pátápátá, àwọn tó wà níta ń kùn.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Lẹ́yìn tí màmá wa kú, mà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, ó ti di ọdún mọ́kànlá báyìí."

"Kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe ìwàkiwà. Àìsàn ni. Inú ìwé òyìnbó lorúkọ rẹ̀ wà, èmi gan-an ò tíì rí ohun tí mo lè pè é lédè wa. Àwọn tó kọ ìbéèrè tí a fi ń wá a ò mọ irú ilé tí a ń gbé. Bí kì í bá ṣe ìwé yín yìí, èmi náà ì bá ṣì í pè."

"Ṣé ó ń ṣe ẹlòmíràn náà?" Ẹlẹ́rìn-ín béèrè.

"Wọ́n pọ̀, ọmọ mi."

Ẹlẹ́rìn-ín bú sẹ́kún, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n gbẹ́rù kúrò lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sísọ ni oògùn rẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni nọ́ọ̀sì kan tí dókítà kọ́ fi ń jókòó tì í ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Àìsàn náà kò lọ tán, àmọ́ ó fúyẹ́. Ìlú mìíràn ni Ẹlẹ́rìn-ín ti ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó pe aránṣọ lórí fóònù.

"Inú bí mi sí yín lánàá, ẹ ò gbé ìpè mi. Mo jókòó jẹ́ẹ́, ó sì lọ."

"Àwọn oníbàárà ló kún ọ̀dọ̀ mi. Má bínú."

Lẹ́yìn ìyẹn, aránṣọ wo yàrá yíká. Ó dákẹ́ jù. Àárò ariwo àbúrò rẹ̀ ń sọ ọ́, títí kan ti ìjà pàápàá.