Páswọ́ọ̀dù Tí Mi Ò Lè Béèrè

Ẹ gbà mí o! Wọ́n pa ìtàn mi rẹ́ lórí búlọ́ọ̀gì tèmi!

Mo kọ bí mo ṣe sunkún nínú tákísí ní àdúgbò Alexandra lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé Joburg. Àárọ̀ yìí ni mo gbé e síta. Kí n tó dé ibiṣẹ́, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló bá mi ṣí búlọ́ọ̀gì náà, ímeèlì tiwọn ni wọ́n sì fi ṣí i. Mi ò lè béèrè páswọ́ọ̀dù, kó má dà bíi pé mi ò fọkàn tán àgbà.

Mo pè wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ sà, ìtàn mi dà?"

"Mo ti yọ ọ́. Ṣé o fẹ́ kí àwọn ará ilé máa rò pé ìyà ń jẹ wá níbí ni?"

"Ṣùgbọ́n ìyà jẹ mí, sà."

Wọ́n pa fóònù mọ́ mi létí.

Eish! Ó tó gẹ́ẹ́. Lónìí ni mò ń ṣí tuntun, ímeèlì tèmi ni màá sì fi ṣí i. Ibi tí mo ti lè fi fóònù kọ̀wé ni mò ń wá, tí mo sì lè kó gbogbo ọ̀rọ̀ mi jáde lọ́jọ́ tó bá wù mí. Bí ò tiẹ̀ rẹwà, kò burú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní búlọ́ọ̀gì nínú gúrúùpù wa yìí, èwo lẹ̀ ń lò? Ẹ dá mi lóhùn kí n tó kúrò níbiṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ máa ka èyí. Ìtàn tákísí yẹn ni màá kọ́kọ́ gbé síbẹ̀, ohun tẹ́ ẹ sọ fún mi lónìí ni màá sì fi parí ẹ̀.